Kí Ni Wọ́n Ń Kà Nígbà Tí Wọ́n Bá Ń Ka Òkìkí Agbábọ́ọ̀lù?

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni ìròyìn tàn ká gbogbo ayé pé Cristiano Ronaldo, agbábọ́ọ̀lù ọmọ ilẹ̀ Potogí, ti di ẹni àkọ́kọ́ tí iye àwọn tí ń tẹ̀lé e lórí ẹ̀rọ ayélujára pé bílíọ̀nù kan. Ariwo náà kò yọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú sílẹ̀. Ní Odògbolú, ní Ayépé, ní Òkun-Ọ̀wá, àwọn ọ̀dọ́ tí fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ wọn gbé ìròyìn náà pọ̀n bí ẹni pé ìbátan wọn ni ó jẹ oyè. A kò bá wọn jà sí i. Ọkùnrin náà ṣiṣẹ́, ó sì rí èrè iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí á gba ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sọ ọ́, a jẹ́ pé nínú ènìyàn 8 tí ń bẹ lókè eèpẹ̀, ẹnì kan ń tọ Ronaldo lẹ́yìn, àti ọmọ ọwọ́, àti arúgbó tí kò ríran mọ́, àti darandaran tí kò ní iná mànàmáná lágbègbè rẹ̀. Èyí ni ó mú kí á fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lónìí: kí ni wọ́n ń kà gan-an nígbà tí wọ́n bá ń ka òkìkí agbábọ́ọ̀lù, ta ni ó ń kà á, èrè wo ni ó sì wà nínú kíkà náà fún àwa tí a ń bí ọmọ tí ń gbá bọ́ọ̀lù?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ tú bílíọ̀nù náà wò. Ojú kan kọ́ ni wọ́n ti kà á. Wọ́n mú iye tí ó wà lórí Instagram, tí ó ju 600 mílíọ̀nù lọ, wọ́n fi ti Facebook kún un, wọ́n fi ti X àti ti YouTube kún un, wọ́n sì tún fi ti àwọn ìkànnì tí àwọn ará Ṣáínà ń lò kún un. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ó bá ń tẹ̀lé Ronaldo lórí Instagram, lórí Facebook àti lórí YouTube ti di ènìyàn 3 nínú ìṣirò yìí. Bí akọ̀wé ìkànìyàn kan bá ka àwọn ará Odògbolú nínú ilé wọn, tí ó tún kà wọ́n lọ́jà, tí ó tún lọ kà wọ́n ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀ àti ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, tí ó wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìlú náà yóò tóbi lójú ìwé ju bí ó ti rí lójú lọ. Inú àwọn aláṣẹ ìjọba ìbílẹ̀ ìbá dùn púpọ̀ bí wọ́n bá lè fi irú ìkànìyàn bẹ́ẹ̀ gba owó l'Ábújá, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn náà kò ju iye tí wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀ lọ.

Àwọn tí wọ́n fi wíwọn òkìkí ṣe iṣẹ́ ṣe kò ṣàìmọ èyí, nítorí náà ni wọ́n fi ń wá ọ̀nà mìíràn kún un. Láti ọdún 2016 títí dé ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ ìròyìn eré ìdárayá ESPN ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń tẹ orúkọ 100 eléré ìdárayá tí òkìkí wọn kàn jù láyé jáde lọ́dọọdún. Ohun mẹ́ta ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: bí àwọn ènìyàn ti ń wá orúkọ eléré náà tó lórí ẹ̀rọ ayélujára, iye owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń san fún un kí ó lè polówó ọjà wọn, àti iye àwọn tí ń tẹ̀lé e. Ní ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Ronaldo ni ó ṣe ipò kìíní. Ẹ kíyè sí i pé góòlù kò sí nínú ohun mẹ́ta yìí, bẹ́ẹ̀ ni ife ẹ̀yẹ kò sí níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n ni bí orúkọ ọkùnrin kan ti lè ta bàtà, aṣọ àti ohun mímu tó. Ọjà ni, kò sì sí ẹ̀bi lọ́rùn ọlọ́jà tí ó ń ka owó rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀ ni ẹni tí ó gbé ìwé owó ọlọ́jà, tí ó sì ń kà á bí ẹni pé ìwé ìtàn akọni ni.

Òṣùwọ̀n Google ní tirẹ̀ ní ẹ̀tàn kan tí ojú kì í tètè rí. Láti 0 dé 100 ni wọ́n fi ń ṣe àfihàn bí àwọn ènìyàn ti ń wá orúkọ kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé 100 náà dúró fún iye kan pàtó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìgbà tí wọ́n wá orúkọ náà jù láàárín àkókò tí a yàn, ní ibi tí a yàn, ni wọ́n ń pè ní 100, tí wọ́n sì fi ń díwọ̀n ìyókù. Bí ènìyàn bá yan ìpínlẹ̀ kan, ìpínlẹ̀ náà yóò ní 100 tirẹ̀. Bí ó bá yan gbogbo ayé, ayé yóò ní 100 tirẹ̀. Àwọn ìyá wa tí ń ta gàrí mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Kóńgò kan wà tí inú rẹ̀ jìn, òmíràn sì wà tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Ẹni tí ó bá kàn ń béèrè pé kóńgò mélòó ni ẹ wọ̀n, tí kò wo kóńgò náà fúnra rẹ̀, yóò délé kí ó tó mọ̀ pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé à ń ṣe àsọdùn, kí ó rántí ọ̀ràn ẹyin. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, ẹnì kan gbé àwòrán ẹyin adìẹ kan sórí Instagram, ẹyin lásán, wọn kò sè é, wọn kò dín in, ó sì ní kí gbogbo ayé pawọ́ pọ̀ sọ ọ́ di àwòrán tí àwọn ènìyàn fi àmì ìfẹ́ sí jù lọ níbẹ̀. Kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé, ẹyin náà ti borí àwòrán Kylie Jenner, obìnrin olówó ará Amẹ́ríkà, èyí tí àmì ìfẹ́ 18 mílíọ̀nù wà lórí rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́rin tí ẹyin fi wà lórí oyè. Oṣù kejìlá ọdún 2022 ni Lionel Messi tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí ó gbé àwòrán ara rẹ̀ àti Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé tí ó gbà ní Qatar síbẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ayé kò tíì rí irú rẹ̀, tí ó ti fi ohun tí ó ju ọdún 15 lọ gbá bọ́ọ̀lù níwájú gbogbo ayé, ẹyin ni ó bá du ipò.

A lè fi èyí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn náà kọjá ẹ̀rín nígbà tí ó bá kan àwọn ọmọ tiwa. Ẹ wo Adémọ́lá Lookman, tí àwọn òbí tí í ṣe ọmọ Nàìjíríà bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1997. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, nígbà tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Fulham, West Ham ti fi góòlù 1 sí òdo ṣáájú wọn, àkókò sì ti tán tán, kí wọ́n tó fún ẹgbẹ́ rẹ̀ ní pẹ́náritì, èyí tí àwọn asọ̀rọ̀ eré bọ́ọ̀lù wa ń pè ní wò-mí-n-gbá-sí-ọ. Dípò kí Lookman gbá a tagbáratagbára, ó rọra fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ bu bọ́ọ̀lù náà sókè, ó sì bọ́ sí aṣọ́lé lọ́wọ́ bí ẹni ju ọsàn sí ọmọdé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àwòrán ọ̀hún ti yí ayé ká, àwọn tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí sì ń béèrè ẹni tí í ṣe. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2024, ní ìlú Dublin, ọkùnrin kan náà gbá góòlù 3 sínú àwọ̀n Bayer Leverkusen, ẹgbẹ́ tí ó ti gbá ìdíje 51 léraléra láìsí ẹni tí ó borí wọn, Atalanta tí Lookman ń gbá fún sì gba Ife Europa. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ní Marrakech, wọ́n fi í jẹ agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù ní ilẹ̀ Áfíríkà. Òṣùwọ̀n kan náà ni ó ń ròkè ní ọjọ́ ìtìjú rẹ̀ àti ní ọjọ́ ògo rẹ̀. Google kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń wá ènìyàn pé kí ni o fẹ́ fi í ṣe. Ẹni tí ń wá ọ láti kí ọ àti ẹni tí ń wá ọ láti bú ọ, ẹnì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n nínú ìwé rẹ̀.

Bukayo Saka jẹ nínú ìyà yìí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún 19 ni ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2021, nígbà tí wọ́n fi pẹ́náritì tí ó kẹ́yìn lé e lọ́wọ́ ní Wembley, ní àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ ilẹ̀ Yúróòpù láàárín Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ítálì. Aṣọ́lé Ítálì mú un. Ní òru ọjọ́ náà, wọ́n da èébú bo ojúewé ọmọ náà, èébú nítorí àwọ̀ ara rẹ̀, wọ́n ń fi àwòrán ọ̀bọ ránṣẹ́ sí i. Àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ náà mú lára àwọn tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe ní gbogbo àkókò yẹn: ó ń kà. Ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni bá kọ sábẹ́ àwòrán agbábọ́ọ̀lù, ì báà ṣe àdúrà, ì báà ṣe èpè, ó wọ inú iye tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń wò láti mọ bí àwọn ènìyàn ti ń ‘dá sí’ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, òru tí wọ́n bú ọmọ Yorùbá kan títí ilẹ̀ fi mọ́ jẹ́ òru rere fún òkìkí rẹ̀. Nígbà tí ó padà sí Arsenal, àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ ti kọ lẹ́tà ránṣẹ́, ẹgbẹ́ náà sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri fún un láti rí. Nínú gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù náà, ògiri yẹn ni àwa rò pé ó sún mọ́ òṣùwọ̀n tòótọ́ jù.

A kò sọ pé ibi nìkan ni ẹ̀rọ yìí ń ṣe. Àwa ará Ìjẹ̀bú kò gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ojú wa ni ó ṣe nígbà tí àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin ní Ojúde Ọba ti oṣù kẹfà ọdún 2024 tàn ká ayé láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí àwọn tí kò mọ ibi tí Ìjẹ̀bú-Òde wà sì bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ọ̀nà. Ohun tí a ń wí ni pé ojú ni ẹ̀rọ ń kà, ọ̀tọ̀ sì ni ojú, ọ̀tọ̀ ni ọkàn.

Àwọn tí ó ṣáájú wa náà wọn òkìkí, òṣùwọ̀n wọn sì le ju ti òde òní lọ. Hubert Ògúńdé, ọmọ Ososà tí ó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Odògbolú yìí kan náà, kò ní ìkànnì kankan títí ó fi kú ní ọdún 1990. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí òkìkí rẹ̀ ti tó, ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ni yóò dúró sí kí ó máa ka àwọn tí ń san owó wọlé. Ẹni tí ó gbéra láti abúlé, tí ó san owó, tí ó sì jókòó títí eré fi parí ni wọ́n ń kà sí ẹnì kan. Téslímù Balógun ńkọ́, tí wọ́n ń pè ní Thunder nítorí agbára ẹsẹ̀ rẹ̀? Ó wà nínú ikọ̀ Nàìjíríà tí ó lọ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1949, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì ibẹ̀ nígbà tí ó wọ Queens Park Rangers ní ọdún 1956. Kò tíì sí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ní orílẹ̀-èdè yìí nígbà náà. Ìwé ìròyìn àti ẹnu ni ó gbé orúkọ rẹ̀ kiri, síbẹ̀ orúkọ náà ni ó wà lára pápá ìṣeré tí ó wà ní Sùúrùlérè títí di òní, ohun tí ó ju àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Orí rédíò ni Ernest Okonkwo ti sọ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ní Mathematical, orúkọ ọ̀hún sì mọ́ ọn lára débi pé àwọn tí kò fojú kàn án rí mọ bí ó ti ń sáré lẹ́bàá ìlà. Nígbà tí ó gbá góòlù 2 nínú 3 tí Nàìjíríà fi borí Àlùjíríà ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, àìmọye ènìyàn ni ó jẹ́ pé etí ni wọ́n fi rí i.

Ti Ràṣídì Yẹkíní ni ó máa ń dùn wá jù. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1994, ní Dallas, ó gbá góòlù tí Nàìjíríà kọ́kọ́ gbá nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, ó na ọwọ́ gba inú àwọ̀n kọjá, ó dì í mú, ó ń ké. Kò sí agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà tí àwòrán rẹ̀ lókìkí tó bẹ́ẹ̀. Góòlù 37 ni ó gbá fún orílẹ̀-èdè yìí nínú ìdíje 58. Ní àwọn ọdún tí ó kẹ́yìn ayé rẹ̀, ó ti fà sẹ́yìn kúrò láàárín àwùjọ, ó ń dá gbé ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún 2012, ní ẹni ọdún 48. Mélòó nínú àwọn ojú tí ó rí àwòrán Dallas ni ó wá a délé? Bí Instagram bá ti wà ní ọdún 1994, àmì ìfẹ́ ìbá pọ̀ lórí àwòrán náà bí yanrìn etí òkun, a kò sì mọ ohun tí ìbá fi kún ọbẹ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn.

Bóyá ẹnì kan yóò wí pé, bí ẹ̀rọ bá ń ṣì í kà, ẹ jẹ́ kí á dìbò. Ìbò náà ní wàhálà tirẹ̀. Jay-Jay Okocha gba oyè agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà tí àwọn olùgbọ́ BBC ń dìbò fún ní ọdún 2003 àti ní ọdún 2004, ṣùgbọ́n títí ó fi fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, kò gba ti CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, rí. Ní ojú àwa, ìhà méjèèjì ni ó tọ̀nà: àwọn ènìyàn sọ ẹni tí inú wọn dùn láti máa wò, àwọn onímọ̀ sọ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù lọ́dún náà. Wàhálà máa ń dé nígbà tí a bá fi ọ̀kan ṣe iṣẹ́ èkejì. FIFA ṣe é ní ọdún 2018: wọ́n fi ìbò àwọn ènìyàn yan góòlù tí ó dára jù láyé, Mohamed Salah, tí gbogbo Íjíbítì wà lẹ́yìn rẹ̀, sì gbà á pẹ̀lú góòlù kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní kì í tilẹ̀ ṣe èyí tí ó dára jù nínú tirẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, wọ́n fi ìpinnu ìkẹyìn sọ́wọ́ àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù. Ní ìhà tiwa, Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, ti gba oyè obìnrin agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù ní Áfíríkà ní ìgbà 6. Ẹ bi àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n mọ iye bàtà tí Ronaldo ní bóyá wọ́n mọ ìgbà mẹ́fà náà.

Àwọn kan tún wà tí ìṣirò kankan kì í kàn. Ní ọjọ́ Sátidé tí ìdíje ńlá bá wà, ẹ wọ ilé tí wọ́n ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù ní ìlúkílùú lójú ọ̀nà Ṣàgámù sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wo amóhùnmáwòrán kan ṣoṣo, ọlọ́kadà, télọ̀, akẹ́kọ̀ọ́, bàbá tí ó ní òun kàn yà fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Lójú ilé-iṣẹ́ tí ń gbé àwòrán náà jáde, sísan owó kan ni gbogbo wọn. Aṣọ tí púpọ̀ nínú wọn wọ̀, tí wọ́n kọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù sí lẹ́yìn, ọjà ni wọ́n ti rà á, kò ti ọwọ́ ẹgbẹ́ náà wá, nítorí náà kò sí nínú iye aṣọ tí ẹgbẹ́ kéde pé òun tà. Ìfẹ́ àwọn ènìyàn wa sí bọ́ọ̀lù tóbi, ṣùgbọ́n ojú àwọn tí ń kà á kò tó o.

Kò sì yẹ kí á máa bú àwọn ará òkèèrè nìkan pé wọn kò kà wá, nítorí àwa náà kò ka ara wa. Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, tí kò jìnnà sí Odògbolú rárá, gba ife ẹ̀yẹ líìgì Nàìjíríà ní ọdún 2025, ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó wà ní agbègbè yìí tí yóò ka àwọn agbábọ́ọ̀lù Arsenal mọ́kànlá lórí láìkọsẹ̀, tí kò sì lè dárúkọ mẹ́ta nínú àwọn akọni ìtòsí rẹ̀. Òkìkí kì í rìn níbi tí kò bá sí ẹni tí ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwọn òbí. Òwò kan ti gbilẹ̀ tí wọ́n fi ń sọ fún ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù pé, bí ó bá fẹ́ kí àwọn ará Yúróòpù rí òun, kí ó kọ́kọ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọlẹ́yìn lórí ayélujára, àwọn sì ní wọn láti tà fún un. Orúkọ lásán ni ọ̀pọ̀ nínú ọmọlẹ́yìn bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ni ó dá wọn sílẹ̀, wọn kò lójú, wọn kò lẹ́sẹ̀. Ní ọdún 2019, àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi òfin mú ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Devumi nítorí òwò yìí gan-an. Eléré ìdárayá wà lára àwọn oníbàárà rẹ̀, ìyẹn ni pé àwọn tí ó ti lókìkí pàápàá ń ra òkìkí kún òkìkí. Ìyá tí ó ta aṣọ rẹ̀ láti ra ọmọlẹ́yìn fún ọmọ rẹ̀ ti fi owó ra afẹ́fẹ́. Ẹni tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù bá rán wá wo ọmọ yóò béèrè ọjọ́ orí rẹ̀, ẹgbẹ́ tí ó ti gbá fún, ìdíje tí ó ti wọ̀ àti àwòrán bí ó ti gbá a láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí ẹsẹ̀ ni wọ́n fẹ́ rà.

Ìṣirò kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹgbẹ́ kéékèèké ní Ìjẹ̀bú mọ̀ ju ti bílíọ̀nù Ronaldo lọ. Òfin FIFA ni pé nígbà tí agbábọ́ọ̀lù bá kúrò ní ẹgbẹ́ kan lọ sí òmíràn ní orílẹ̀-èdè mìíràn, tí wọ́n sì san owó lé e lórí, ìdá 5 nínú 100 owó náà jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tí ó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 títí dé 23. Bí owó náà bá jẹ́ mílíọ̀nù 10 owó Yúrò, 500,000 ni ti àwọn tí ó tọ́ ọ. Ọdún kọ̀ọ̀kan láti 12 dé 15 jẹ́ 25,000. Ọdún kọ̀ọ̀kan láti 16 dé 23 jẹ́ 50,000. Ẹgbẹ́ tí ó bá mú ọmọ dání láti ọdún 12 títí ó fi pé 15, tí kò sì ṣe ohun mìíràn fún un mọ́ láyé, yóò gba 100,000 Yúrò. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni FIFA ti dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Parisi tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa gba irú owó bẹ́ẹ̀ kí ó sì máa pín in fún àwọn tí ó tọ́ sí. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà kì í wo Instagram. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ni ó ń wò: ọdún tí ọmọ náà wọ ẹgbẹ́, ọdún tí ó kúrò, àti bóyá ẹgbẹ́ náà wà lábẹ́ àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó kó ọmọ 40 jọ sórí pápá ní ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́wàá láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, bí ọ̀kan nínú wọn bá di Lookman lọ́la, òfo ni yóò rí gbà, ìwé yóò sì fi hàn pé kò sẹ́ni tí ó kọ́ ọmọ náà ní bọ́ọ̀lù.

Nítorí náà a ń rọ ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Odògbolú àti àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gbogbo ní agbègbè náà pé, kí ìdíje àárín ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá tún wáyé tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sí i, ọjọ́ ìbí rẹ̀ tòótọ́, ẹgbẹ́ rẹ̀, ìdíje tí ó gbá àti góòlù tí ó gbá wọlé, kí rẹfirí àti olùkọ́ méjèèjì fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sí ibi tí àjọ bọ́ọ̀lù Ìpínlẹ̀ Ògùn ti lè rí i. Kí àwọn ẹgbẹ́ tí kò tíì forúkọ sílẹ̀ lọ ṣe é. Àwọn òbí pẹ̀lú, nígbà tí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá wá sọ fún wọn pé ọmọ wọn yóò lókìkí, kí wọ́n ní kí ó fi ojúewé tí orúkọ ọmọ náà wà hàn wọ́n.